Abẹ́rẹ́ Tó Sùn Sórí Òdo

Nínú ìlú Abẹ́òkúta, ó lè pẹ́ kí èèyàn tó fura pé aago kílómítà ọkọ̀ òun ti kú. Láti Sápọ́n dé Ìtókù, ta ló ń wo abẹ́rẹ́? Ojú wà lára ọlọ́kadà, etí wà lọ́dọ̀ kọ̀ndọ́ tó ń pe èrò, ẹsẹ̀ wà lórí bírékì. Ìgbà tí mo kọjá Òbàǹtókò tí mo já sọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, tí ọ̀nà tẹ́jú, tí atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ni mo tó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí aago ti wí, ojú kan náà la dúró sí.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ mi, ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, tí àwọn ọ̀gá ìjọba fi ń yan nígbà kan. Ọkọ̀ tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ibi tó ń dùn ún, bí ẹni tó ni ín bá ti mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi í. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: ṣé nọ́ńbà tó ń ka iye ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn ṣì ń yí? Okùn kan náà ló ń yí nọ́ńbà àti abẹ́rẹ́. Bí nọ́ńbà bá ń yí tí abẹ́rẹ́ sùn, inú aago gan-an ni àrùn wà. Bí àwọn méjèèjì bá kú pọ̀, ìsàlẹ̀ ni ká lọ wò: okùn náà ni, tàbí eyín kékeré tó ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n, okùn ti gbẹ tàbí ó ti ká níbì kan. Rìwáyà tó bá ń kánjú á ní kí ẹ lọ ra odidi aago mìíràn. Ẹ má dá a lóhùn kó tó tú okùn.

Wọ́n tú tèmi lẹ́yìn aago, wọ́n fà á. Ó jáde, ó sì kù díẹ̀ kó pé. Ó ti já lápá ìsàlẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ jù. Ká ní ó jáde lódidi ni, à bá dá a padà, ká fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ká fọwọ́ yí táyà, ká wò ó bóyá ẹnu okùn ń yí.

Ohun tó wà nínú aago yẹn ló ṣì ń gbà mí lọ́kàn. Ọgbọ́n Otto Schulze ni, ará Strasbourg nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Jámánì, tó gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí rẹ̀ ní 1902. Okùn ń yí mágínẹ́ẹ̀tì kan nínú ife alumíníọ̀mù. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan alumíníọ̀mù, wọn ò ní lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ti ń yí, iná a máa ṣàn yíká nínú ife náà, ife a sì fẹ́ tẹ̀ lé e, bí onílù ṣe ń gbé oníjó dìde láìfọwọ́kàn án. Sípíríǹgì tín-ín-rín kan ló ń fà á sẹ́yìn. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni abẹ́rẹ́ ń dúró sí. Bí mágínẹ́ẹ̀tì ò bá yí mọ́, sípíríǹgì nìkan ló kù, ó sì ti dá abẹ́rẹ́ padà sórí òdo nìyẹn. Aago mi ò purọ́ lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, ìròyìn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àní nígbà tí ara rẹ̀ dá pàápàá, kò rí ojú títì rí. Ìyípo ọ̀pá inú gíábọ́ọ̀sì ló ń kà, ó sì ti gbà pé irú táyà tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ jáde ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ló ń rí irú táyà bẹ́ẹ̀ rà láàárín wa? Tòkunbọ̀ tó bá wọlé là ń dè. Bí táyà bá ga ju ti àtilẹ̀wá lọ, ọkọ̀ á máa sáré ju ohun tí abẹ́rẹ́ ń wí. Bó bá kéré, abẹ́rẹ́ á máa ṣe àsọdùn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà kí abẹ́rẹ́ fi díẹ̀ kún eré ọkọ̀, kò gbà kó yọ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yẹn.

Àwọn awakọ̀ àgbà á ní etí àwọn tó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ohùn ẹ́ńjìnnì àti gíá tó wà lọ́wọ́ ń sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n eré tètè máa ń mọ́ ara. Ẹni tó ti sá 100 bọ̀ láti Ṣágámù gba Ṣíun, tó wá dín in kù sí 60 bó ṣe ń wọ̀lú, á rò pé òun ń rákò, bẹ́ẹ̀ 50 lòfin fún wa nínú ìlú. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bírékì nílò láti fi mú ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Etí wo ló ń gbọ́ ìyẹn? Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí, ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988. Síbẹ̀, ẹ wọ takisí láti Kútọ̀ lọ sí Panṣẹ́kẹ́, kí ẹ bẹjú wo dáṣíbọ́ọ̀dù bí ọkọ̀ ti ń lọ.

Ẹni tí aago tiẹ̀ bá kú lè ní kí ẹni tó jókòó tì í máa fi aago ọwọ́ wo òkúta kílómítà ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá 45 rin kílómítà kan, 80 ló ń sá. Bó bá fi 36 rìn ín, ó ti di 100. Fóònù náà lè sọ ọ́, nítorí ohùn sátẹ́láìtì ló ń gbọ́, kò mọ gíábọ́ọ̀sì rí.

Okùn tuntun dé, abẹ́rẹ́ dìde. Àmọ́ ibi tí nọ́ńbà ti dúró náà ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí a ti rìn kó tó jí, kò sí nínú ìṣirò. Ẹ́ńjìnnì rìn ín, táyà rìn ín, ọ́ìlì dúdú nítorí rẹ̀. Aago nìkan ni kò gbọ́. Látìgbà náà, bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá nàka sí nọ́ńbà kékeré, tó ní ọkọ̀ náà ò tíì rìn, mo kàn ń wò ó ni. Àwọn kan ń yí nọ́ńbà padà sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dìgbà náà: okùn lè ti já lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn ò tilẹ̀ ju márùn-ún lọ. Bó bá ti kọjá 99,999, ó tún di òdo nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àgbà, ẹ wo bí ẹsẹ̀ ti jẹ rọ́bà pẹdáàlì kílọ́ọ̀ṣì tó, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ti dán lára sítíárì, ẹ tẹ ìjókòó dẹ́rẹ́bà wò, kí ẹ tó gbójú sókè wo aago.