Orúkọ Kún Ìwé, Ẹnu Ọ̀nà Ṣófo

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Láti oṣù Keje ọdún 2005 ni wọ́n ti kéde pé Lọ́ńdọ̀nù ni ìdíje Olympics ọdún 2012 yóò ti wáyé. Ọdún méje nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré kí wọ́n ṣí ìdíje náà, iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ ibi ìdíje tọ ìjọba lọ, ó ní ènìyàn tí òun ṣèlérí kò ní í pé. Kì í ṣe iléeṣẹ́ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni o. G4S ni, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé nígbà náà ju 600,000 lọ.

Báwo ni irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe wá ènìyàn tì?

Oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀ṣọ́ 2,000 ni wọ́n ní kí G4S pèsè. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó ń ṣètò ìdíje tún ìṣirò ṣe, wọ́n rí i pé 2,000 kò lè ká a, ó sì di 10,400. Owó iṣẹ́ náà fò láti mílíọ̀nù 86 pọ́n-ùn sí mílíọ̀nù 284. Ta ni yóò rí irú owó bẹ́ẹ̀ tí yóò ní òun kò ṣe? G4S gbà. Owó pọ̀ sí i, iṣẹ́ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àkókò kò pọ̀ sí i: oṣù méje àti díẹ̀ ló kù.

Ẹ má rò pé wọn kò rí ẹni gbà. Àwọn tó kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ náà lé ní 100,000. Àárín ọjọ́ tí wọ́n sọ fún ènìyàn pé wọ́n ti gbà á àti ọjọ́ tí yóò dúró sẹ́nu iṣẹ́ ni wàhálà wà. Ọ̀nà ibẹ̀ gùn: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìwádìí nípa irú ẹni tí onítọ̀hún jẹ́, àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí àjọ SIA ń fúnni, èyí tí àwọn ọmọ wa tó ń ṣe sìkíọ́rítì ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ bí ẹni mowó. Ẹlòmíràn ṣe gbogbo rẹ̀ tán, kò wá gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnì kan kò rí yúnífọ́ọ̀mù gbà. Ẹnì kan kò mọ ọjọ́ tàbí ibi tí òun yóò ti ṣiṣẹ́. Ẹnì kan pe fóònù títí, kò rí ẹni dá a lóhùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ kò lè káwọ́ lẹ́rán máa retí iṣẹ́ tí kò lọ́jọ́. Bó bá rí òmíràn, á gba ibẹ̀ lọ, kò sì ní dágbére, torí kò rí ẹni tí yóò dágbére fún. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ní ọ́fíìsì. Orúkọ ni àwọn ọ̀gá ń kà, wọ́n ṣe bí ènìyàn ni àwọn ń kà. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọpa àwọn òṣìṣẹ́ wọn kò múná dóko.

Ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2012 ni ọ̀rọ̀ tó dé etígbọ̀ọ́ ọ̀gá àgbà, Nick Buckles, tó lọ sinmi ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kọkànlá ni ìjọba gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Theresa May, kéde pé ṣọ́jà 3,500 ni yóò wá dí àlàfo náà. Nígbà tó yá, wọ́n fi 1,200 kún un. Àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Afghanistan dé ni. Ìsinmi di iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Salford, ènìyàn 56 ni wọ́n ń retí. 17 ló yọjú. Ọlọ́pàá ló lọ dúró dípò àwọn yòókù.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, Buckles jókòó níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin, ó sì gbà pé ìtìjú gbáà ni. Ṣùgbọ́n ó ní iléeṣẹ́ òun yóò ṣì béèrè mílíọ̀nù 57 pọ́n-ùn tí wọ́n dá fún àbójútó iṣẹ́. Ẹnu ya àwọn aṣòfin. Ìdíje náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ṣọ́jà. Fún G4S, àdánù rẹ̀ di mílíọ̀nù 88 pọ́n-ùn. Ọ̀gá méjì fipò sílẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Buckles náà ti ń kó ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò jìnnà sí wa. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1986 tó de àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni kò fàyè gba gáàdì láti gbé ìbọn. Nítorí náà, kò sí ohun mìíràn tí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tà ju ènìyàn lọ: ojú tí kò sùn, ẹsẹ̀ tó dúró, ẹnu tó lè pariwo. Bí ènìyàn bá lọ, ọjà tán nínú ìsọ̀. Ṣùgbọ́n wo bí àwọn kan ṣe ń lò wọ́n. Oníbàárà ti sanwó, gáàdì kò tíì rí tirẹ̀. Wọ́n yọ owó yúnífọ́ọ̀mù nínú owó oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tí yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ kò dé, ó tún dúró dalẹ́. Kó tó pẹ́, ó ti gba ọ̀kadà lọ. Ẹni tuntun tó rọ́pò rẹ̀ kò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò, kò mọ ọkọ̀ tó yẹ kó wọlé, kò mọ ibi tí ògiri ti rẹlẹ̀. Irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni olè ń gbàdúrà fún.

Bí òṣìṣẹ́ bá ń lọ, ohun tí ọ̀gá sábà máa ń sọ ni pé kó máa lọ, mẹ́wàá ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà tó ń wáṣẹ́. G4S náà ní bíi mẹ́wàá lẹ́nu ọ̀nà fún ipò kọ̀ọ̀kan, ṣọ́jà ló pàpà bá a ṣe é. Àwọn tó ń wáṣẹ́ kọ́ ni òṣìṣẹ́ rẹ. Ẹni tó dé lónìí, tí yóò tún dé lọ́la, ni òṣìṣẹ́ rẹ.

Nítorí náà, ẹni tó bá gba ènìyàn síṣẹ́, kó dá ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ fún un, kó fún un láṣọ tó bá a mu, kó gbé fóònù nígbà tó bá pè, kó san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Kó sì máa lọ kà wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, kó yéé kà wọ́n nínú ìwé. Iṣẹ́ tó bá ju agbára rẹ̀ lọ, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, kó tètè sọ pé òun kò lè ṣe é tán. Ìtìjú ọjọ́ kan péré nìyẹn yóò jẹ́.