Ipò Ìje àti Ipò Ìwà nínú The Amazing Race

The Amazing Race jẹ́ ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ikọ̀ ẹlẹ́ni méjì-méjì ti ń sáré yí ayé ká. Elise Doganieri àti Bertram van Munster ló dá a sílẹ̀. Iléeṣẹ́ CBS bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, Phil Keoghan, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, sì ni atọ́kùn rẹ̀. Ikọ̀ bíi mọ́kànlá ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpele, èyí tó bá dé ibùdó ìsinmi kẹ́yìn ń lọ sílé nìyẹn, títí yóò fi ku àwọn díẹ̀ tí yóò jọ du mílíọ̀nù kan dọ́là.

Àwọn tó ń to ikọ̀ sí ipò, tí wọ́n sì ń sọ èyí tó lè gbégbá orókè, máa ń wo bí ikọ̀ ṣe ń ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan, bó ṣe mọ máàpù í kà, bó ṣe ń rí ọkọ̀ òfurufú tó yá, àti bí ẹni méjèèjì ṣe gbọ́ ara wọn yé. Gbogbo èyí wúlò, ṣùgbọ́n ó fo àwọn ènìyàn kan dá. Ìje yìí kò lè rìn láìsí àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni díje: awakọ̀ takisí, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní pápákọ̀ òfurufú, obìnrin tí wọ́n bi ní ọ̀nà lójú pópó. Kò sí ìpín tiwọn nínú mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni ìwà ti ń hàn, nítorí ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ rere, ìtẹríba àti òtítọ́ bá ẹni tí kò lè san án padà lò. Èrò yìí kò kórìíra ìdíje o. Akínkanjú àti ọpọlọ pípé wà lára ohun tí Yorùbá fi ń mọ ọmọlúàbí; ọ̀lẹ kò lè fi ìwà tútù bo àṣírí ara rẹ̀.

Sáà karùn-ún, tó jáde ní 2004, ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ le. Bí a bá fi ẹsẹ̀ yíyá wọn ọ́n, ikọ̀ Colin àti Christie kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹgbẹ́ nínú sáà náà. Àmọ́ ní Tanzania, Colin kọ̀ láti san gbogbo owó tí awakọ̀ takisí kan béèrè, torí pé táyà ọkọ̀ náà jò lọ́nà, àríyànjiyàn náà sì dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ní Philippines, nígbà tí wọ́n ní kó fi màlúù túlẹ̀, ó kígbe pé màlúù òun ti bàjẹ́, àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ ni. Ẹni tó bá fi ìbínú wá ohun tí sùúrù lè mú wá, àkókò tirẹ̀ náà ló ń fi ṣòfò. Ikọ̀ mìíràn, Chip àti Kim, fi ọ̀yàyà bá gbogbo ènìyàn rìn, wọn kò sì pariwo agbára wọn. Nígbà tó yá, wọ́n lo àṣẹ tó fún ikọ̀ kan láyè láti dá òmíràn dúró fún ìgbà díẹ̀, Colin àti Christie sì ni wọ́n lò ó fún. Chip àti Kim ló gba ẹ̀bùn náà. Àwọn kan pe èyí ní ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà, tí a sì ṣe lójú gbogbo ayé, kò tó ohun tí à ń pè ní ọ̀dàlẹ̀.

Kò wá yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìwà rere ló máa ń borí. Ní sáà kẹfà, Jonathan ti ìyàwó rẹ̀, Victoria, ní Berlin nítorí báàgì. Kò sí àlàyé ìje kankan tó lè wẹ ìyẹn mọ́. Ní Dakar, Kendra sọ̀rọ̀ ẹ̀gbin sí ìlú náà àti sí àwọn ará ibẹ̀ pé wọ́n ń bímọ jù, nínú ìrìn àjò kan náà tó gbé àwọn olùdíje dé erékùṣù Gorée, ibi ìrántí òwò ẹrú. Kendra àti Freddy náà ló wá gba ipò kìíní. Ìwé ipò kò ní ibi tí wọ́n ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀ sí.

Sáà keje, ní 2005, ló kún jù fún ẹni tó bá fẹ́ wọn ìwà. Rob àti Amber, tí ayé ti mọ̀ láti inú ètò tẹlifíṣọ̀n Survivor, wà níbẹ̀. Ní Argentina, nígbà tí wọ́n ní kí olùdíje jẹ ẹran tó wọ̀n tó pọ́n-ùn mẹ́rin, Rob yàn láti gba ìjìyà ìdádúró dípò kó jẹ ẹ́ tán, ó sì yí àwọn mìíràn lọ́kàn padà láti ṣe bẹ́ẹ̀ kó má baà dá nìkan jìyà. Ọgbọ́n nìyẹn, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó gbà á gbọ́ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọ̀rọ̀ Botswana yàtọ̀. Ọkọ̀ Brian àti Greg dojú dé níbẹ̀, ayàwòrán tó wà pẹ̀lú wọn sì fara pa. Rob àti Amber kọjá, wọn kò dúró. Òfin ìje kò bá wọn wí, àmọ́ ilé tí a ti ń kọ́ ọmọ láti kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò ní gbójú fo ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé.

Àwọn tó borí Rob àti Amber ni Uchenna, ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ Ìgbò, àti Joyce ìyàwó rẹ̀. Ní Íńdíà, Joyce gbà kí wọ́n fá irun orí rẹ̀ kí ikọ̀ wọn lè rí ọ̀nà àbùjá. Nígbà tó yá, àwọn olùṣètò gba owó wọn lọ́wọ́ wọn torí pé wọ́n dé kẹ́yìn ní Jamaica, ní ìpele tí wọn kò ti lé ikọ̀ kankan lọ sílé. Bí wọ́n ṣe wá dé ẹnu ọ̀nà ibi ìparí ní Fort Lauderdale, owó takisí kò pé. Wọ́n dúró, wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, nígbà tí mílíọ̀nù dọ́là wà níwájú wọn gan-an. Òótọ́ ni pé òfin ní kí olùdíje sanwó ọkọ̀ kó tó wọlé, nítorí náà kò yẹ kí a gbóríyìn fún wọn jù lórí sísan. Ohùn tí wọ́n fi tọrọ ni kí a wò. Ọ̀rọ̀ owó takisí bákan náà ló gbé Colin dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ní Tanzania.

Ìdájọ́ irú èyí ní ààlà rẹ̀. Ìrìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn olóòtú ń gé kúrú sí ètò wákàtí kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo àti omijé ni wọ́n sì ń fẹ́. Kò sẹ́ni tó bi awakọ̀ Tanzania pé kó rojọ́ tirẹ̀ tán lórí tẹlifíṣọ̀n. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìwà ènìyàn pẹ̀lú sì ń yí padà, èyí tó máa ń mú kí àsọtẹ́lẹ̀ ipò ṣòro. Colin àti Christie padà wá ní sáà kọkànlélọ́gbọ̀n, ní 2019, láàárín àwọn olùdíje àtijọ́ àti àwọn tó wá láti inú ètò Survivor àti Big Brother. Ẹni tó bá fi Colin ti 2004 díwọ̀n tuntun yóò ní ìbínú ni yóò tún fà á sẹ́yìn. Ọkùnrin mìíràn ni àwọn òǹwòran rí: nǹkan dàrú lójú rẹ̀, ó rọra mí, ó sì ń bá Christie sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Wọ́n gba ipò kìíní.