Ilé Orí àti Àpótí Kọ̀ǹpútà: Ìbéèrè Lórí Ọ̀ṣọ́

Bí ohun tí ń ṣiṣẹ́ bá wà nínú àpótí, kí ni ọ̀ṣọ́ ara àpótí wúlò fún? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nínú ìrònú Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn àpótí kọ̀ǹpútà olówó ńlá tí àwọn oníṣọ̀nà òde òní ń fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti gíláàsì ṣe ti sọ ọ́ di ọ̀tun. Ó kan Ìjẹ̀bú-Òde gidigidi, nítorí pé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn regbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí a fi ọjọ́ orí pín, bá wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ kí ọba ní àjọ̀dún Ojúde Ọba, tí àwọn ọmọ ìdílé Balógun sì gun ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé fáàrí lásán ni. Ìdájọ́ yìí yá jù, nítorí kò béèrè ẹni tí a ń ṣe ọ̀ṣọ́ náà fún.

Ilé orí ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù lọ. Orí tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ojú ń rí, bí kò ṣe orí inú tí ẹ̀dá yàn láti ọ̀run, tí ó sì ń darí ayé rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ẹyọ 41 tí a sín pọ̀ bí adé ni àmì orí, a ó sì fi í pamọ́ sínú àpótí ńlá tí a fi ẹyọ bò tìdérí-tìdérí. Bí agbára olóhun bá ṣe tó ni àpótí náà ṣe ń tóbi. Òmíràn a máa gba ẹyọ 12,000, oníṣẹ́ awọ tí ó ṣe é a sì gba iye kan náà ní owó iṣẹ́. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí owó iṣẹ́ yìí. Ẹyọ ni owó tí a ń ná nígbà náà, nítorí náà ẹni tí ó ṣe irú ilé orí bẹ́ẹ̀ ti kó 24,000 sílẹ̀, ó sì ti gbà pé ọgbọ́n ọwọ́ oníṣọ̀nà níye lórí tó owó gan-an tí a rán mọ́ ara awọ náà. Ní Ìjẹ̀bú, tí ó di ọ̀nà òwò láàrin ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè mú títí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1892, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè rà. Síbẹ̀ ẹyọ 41 péré ni gbogbo ìnáwó náà ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ń kan àpótí kọ̀ǹpútà náà ní ohun tí ó ń tọ́jú, nítorí ọpọlọ kọ̀ǹpútà a máa gbóná bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Thermaltake ti Taiwan àti àwọn ayàwòrán iṣẹ́ ọnà BMW gbé Level 10 jáde, àpótí tí ó fún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ kí ooru ọ̀kan má baà ran èkejì. Àwọn mìíràn ń fi gíláàsì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí iná aláràbarà inú rẹ̀ lè hàn síta, níbi tí ilé orí ti ń pa ohun inú rẹ̀ mọ́.

Ìtàn Ifá kan tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ lọ yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí ní ọ̀run. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yan èyí tí ó tóbi tí ó sì wu ojú, láìmọ̀ pé kò jiná. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, amọ̀ náà sì jẹ dànù. Afùwàpẹ́, tí Àjàlá fúnra rẹ̀ bá yàn, ni orí rẹ̀ kò bàjẹ́. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí náà ni wọ́n ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ bo ilé orí, kò sì sí ìtakora níbẹ̀, nítorí ìgbà tí orí bá ti gbe ènìyàn tán ni agbára àtikọ́ ilé ńlá fún un ń dé, ọpẹ́ ni ọ̀ṣọ́ náà sì jẹ́. Ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà nítorí iná tí ń tàn lára rẹ̀ ti ṣe bí Oríṣeékú. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wá ohun inú tí ó yè kooro, tí ó wá sanwó fún oníṣọ̀nà, kò ṣe fáàrí. Ọ̀ṣọ́ ẹṣin Balógun náà kò yàtọ̀, nítorí ọba ni a fi ń kí.

Ó ku ibì kan tí ilé orí àti àpótí kọ̀ǹpútà kò ti bára mu. Johnson sọ pé bí olóhun bá kú, wọn a ba ilé orí rẹ̀ jẹ́, wọn a sì ná ẹyọ rẹ̀; kò sí ẹni tí í jogún rẹ̀ fún orí tirẹ̀. Àpótí kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ a máa pẹ́ ju ohun inú rẹ̀ lọ, olóhun a yọ ọpọlọ àtijọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a sì fi tuntun sínú àpótí kan náà, tí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kò fi ní í ṣe pẹ̀lú ohun kan pàtó tí ó wà níbẹ̀ mọ́.