Ǹjẹ́ Ọmọdé Lè Sọ Òótọ́ Nípa Iṣẹ́ Àgbà?

Wọ́n kọ́ wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pé ọmọdé kì í bu àgbà kù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣe iṣẹ́ kan sílẹ̀, tí ọmọdé sì rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, ṣé kí ó sọ ọ́ ni, àbí kí ó panu mọ́ nítorí ọ̀wọ̀? Fíìmù àtijọ́ ni mo fẹ́ fi wo ìbéèrè yìí, pàápàá fíìmù olóògbé Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Kò sí ẹni tó yẹ kó fojú di ọkùnrin yìí. Ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Ọlọ́pàá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé ní Èkó ní 1944. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ní 1979 ni fíìmù rẹ̀ tó ń jẹ́ Ayé jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980.

Mo ti wo Ayé. Kí n sọ tinú mi: ó ń falẹ̀ lójú ẹni tí fíìmù òde òní ti mọ́ lára, idán inú rẹ̀ kò sì lè dẹ́rù ba ọmọ ìwòyí. Ṣùgbọ́n n kò ní ka èyí sí àléébù. Wọn kò ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya idán nígbà náà. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n òní wọn iṣẹ́ àná ti rẹ́ ẹ jẹ. Ní ti èdè ẹ̀wẹ̀, Yorùbá inú rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ fíìmù tí à ń wò lónìí lọ.

Ohun tó ká mi lára ni ọ̀rọ̀ àjẹ́. Àwọn àjẹ́ ló ń da ìlú láàmú nínú Ayé, Ọ̀ṣẹ́tùúrá babaláwo, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, ló sì ń bá wọn jà. Inú mi dùn pé babaláwo jẹ́ ẹni rere níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ fíìmù ló ti sọ ọ́ di ẹni ibi. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin ni a fi ń mọ àjẹ́. Ìyá arúgbó kan ń dá gbé ní àdúgbò wa. Àwọn ọmọdé kì í gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i kí ó ṣe ibi rí. Kò ṣe ju pé ó dàgbà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn odi.

Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá wa àgbà, wọ́n ní, "Ògúndé kọ́ ló dá ẹ̀rù àjẹ́ sílẹ̀. Ó bá a nílé ni."

Mo ní, "Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kàn ń gbọ́ létí kò ní ojú. Fíìmù ló fún un ní ojú."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Bí èmi náà bá wá ń dá gbé lọ́la ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù Gone with the Wind, tó jáde ní 1939, fi ayé oko ẹrú hàn bí ẹni pé ìdẹ̀ra ni. Hattie McDaniel, tó ṣe ẹrúbìnrin nínú rẹ̀, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar, ní 1940. Síbẹ̀, tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní kí ó jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní 2020, HBO Max yọ fíìmù náà kúrò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n dá a padà, wọ́n sì fi àlàyé ṣíwájú rẹ̀. Ìdápadà yẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn ju ìyọkúrò lọ. Bí a bá gbé fíìmù pamọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ́gbọ́n nínú rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò ní ọ̀wọ̀ Ògúndé ni kò jẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n rántí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ti ọdún 1964. Ó fi bá àwọn olóṣèlú wí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ìjọba ológun ló mú òfin náà kúrò ní 1966. Ọkùnrin tó jìyà nítorí pé ó sọ òótọ́ fún àwọn àgbà ìlú, ṣé orúkọ rẹ̀ ló yẹ kí a fi di ọmọdé lẹ́nu?

Èrò mi ni pé ọmọdé lè sọ òótọ́, bí ó bá ti wo iṣẹ́ náà dáadáa, tó yin ohun tó yẹ ní yíyìn, tí kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo Ayé. Bí ó bá parí, ẹ má tíì pa tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ènìyàn sì dìde. Ẹ bi wọ́n pé: ẹ̀rí wo la nílò kí a tó pe ọmọnìkejì wa ní àjẹ́? Lẹ́yìn náà, ẹ rán wọn lọ kí ìyá arúgbó tó wà ládùúgbò.