Erékùṣù Tí Ayé Kò Tíì Bà Jẹ́



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí Mísà ti parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Ó fi àwòrán kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Òkúta gíga kan ni mo rí, tí ó dúró ṣánṣán bí òpó, tí ìkùukùu bo orí rẹ̀, tí igbó dúdú sì yí ìdí rẹ̀ ká. Ó ní, "Fadá, ẹ wo ibi tí Ọlọ́run dá, tí ayé kò tíì bà jẹ́. Bí mo bá rí owó, ibẹ̀ ni n ó lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n lè gbàgbé eruku àti ariwo Àjàngbàdì." Mo súre fún un pé kí Ọlọ́run pèsè owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti tún wo àwòrán náà, mo rí i pé àwọn ọ̀pẹ tí ó wà níwájú òkúta náà tò ní ẹsẹẹsẹ, ìlà kan tẹ̀lé ìlà kejì. Ọ̀pẹ inú igbó kì í tò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbìn wọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi, èyí tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Kí ni a ń wí gan-an nígbà tí a bá sọ pé ayé kò tíì ba ibì kan jẹ́? Ta sì ni ó ń san owó ẹwà tí a fẹ́ lọ wò?

Pico Cão Grande ni orúkọ òkúta náà, ní gúúsù erékùṣù São Tomé. Ẹ má ṣe rò pé ibẹ̀ jìnnà. Bí ẹyẹ bá gbéra ní Òjó, tí ó sì fò tààrà lórí òkun, kì yóò tíì fò tó 800 kìlómítà kí ó tó dé ibẹ̀. Kano jìnnà sí wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Erékùṣù mẹ́rin ni ó tò tẹ̀lé ara wọn nínú òkun yìí: Bioko, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Po, lẹ́yìn náà Príncipe, São Tomé àti Annobón. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó tì wọ́n jáde láti ìsàlẹ̀ òkun ní ayé àtijọ́, irú iná kan náà tí ó gbé Òkè Cameroon dìde, tí ó sì tún tú jáde níbẹ̀ ní 1999 àti ní 2000. São Tomé àti Príncipe jùmọ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 1975. Gbogbo ilẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí 1,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ.

Èmi kò ní bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà jiyàn lórí ẹwà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí òkè tí ó ga tó 2,024 mítà, tí igbó bò dé òkè. Ẹ ó rí odò tí ń já láti orí àpáta, etíkun tí ìjàpá òkun ti ń yé ẹyin ní òru, àti irú ẹyẹ tí ó lé ní 20 tí kò sí ní ibòmíràn lábẹ́ ọ̀run. Ní 2012, àjọ UNESCO fi Príncipe sínú àwọn ibi tí ènìyàn àti àwọn ẹ̀dá inú igbó ti gbọ́dọ̀ máa gbé pọ̀ láìpa ara wọn lára. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ni "leve-leve", èyí tí í ṣe jẹ́jẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ta ni etí rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo àwa tí a ń là súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Okokomaiko kọjá lójoojúmọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ilẹ̀ náà léèrè ìtàn rẹ̀. Àwọn atukọ̀ Potogí gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí 1470, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Tọ́másì Mímọ́, Àpọ́sítélì, sọ ọ́. Láìpẹ́ wọ́n gbin ìrèké, wọ́n sì kó ẹrú wá láti Bìní àti láti Kóńgò kí wọ́n máa ro ó. Ní 1595, ẹrú kan tí à ń pè ní Amador kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì dìde sí àwọn olówó wọn. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì pa á. Nígbà tí ó yá, kòkó rọ́pò ìrèké. Òfin fi òpin sí oko ẹrú ní 1875, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni ó yí padà. Wọ́n ń kó àwọn ará Àǹgólà wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fi ojú kan ilé wọn mọ́. Ìwà náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Cadbury ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ̀ láti ra kòkó ibẹ̀ mọ́ ní 1909. Ní oṣù Kejì 1953 pàápàá, ìjọba amúnisìn pa ọ̀pọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ ní Batepá àti ní agbègbè rẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tipátipá nínú oko kòkó dá ìjà sílẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù náà ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí wọn lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn olóko Potogí lọ, iṣẹ́ kòkó rẹ̀yìn, igbó sì padà wá. Ó hù yí ahoro ilé àwọn ọlọ́gbà ká, gbòǹgbò rẹ̀ sì la ògiri. Ọ̀pọ̀ ibi tí àlejò ń pè ní igbó tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ rí lónìí, oko tí a fi òógùn àti ẹ̀jẹ̀ ro ni tẹ́lẹ̀ rí.

Ibí yìí ni orúkọ erékùṣù náà ti ń kọ́ wa lọ́gbọ́n. Gbogbo yín ni ẹ mọ Tọ́másì, ẹni tí ó ní òun kò ní gbà gbọ́ àfi bí òun bá fi ìka kan àpá ìṣó. A máa ń dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, Olúwa kò fi ọgbẹ́ náà pamọ́ fún un. Ó ní kí ó mú ọwọ́ rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú ilẹ̀. Ẹni tí ó wo ẹwà ilẹ̀ kan, tí kò sì fi ọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ rẹ̀, àwòrán ni ó lọ wò. Kò tíì dé ibẹ̀.

Àwa ọmọ Nàìjíríà sì ní ìdí mìíràn láti mọ ibẹ̀. Láti 1968 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1970, nígbà ogun abẹ́lé wa, São Tomé ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn ìjọ Kristi, ti Kátólíìkì àti ti Pùròtẹ́sítáǹtì, ti ń gbéra ní òru, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ, panla àti oògùn lọ sí Uli fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa kú lọ. Wọ́n tún kó lára àwọn ọmọ náà lọ sí erékùṣù yìí fún ìtọ́jú. Ilé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí a jọ ń gbé Àjàngbàdì lónìí wà ní ìhà ìlà-oòrùn níbẹ̀. Ilẹ̀ tí a ti fi ọmọ ènìyàn ṣe ẹrú ni a ti rán oúnjẹ sí ọmọ aláìlẹ́ṣẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ju ohun tí a ń fi ojú lásán wò lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè kìíní ni pé ibi tí a rò pé ayé kò bà jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ewé ti bo ọgbẹ́ ni. Ìdáhùn sí èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ń gbàdúrà pé kí São Tomé má yí padà láé, kí ọ̀nà rẹ̀ máa jẹ́ tóóró, kí iná má tàn káàkiri, kí apẹja rẹ̀ máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ igi, kí ojú tiwa lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, òṣì ẹlòmíràn ni a fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń wá iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Potogí, gẹ́gẹ́ bí tiwa ti ń wá a lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Kánádà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí ó yó máa yin ààwẹ̀ ẹni tí kò rí jẹ.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ǹjẹ́ kí wọ́n gé igbó náà tà, Fadá?" Èmi kò wí bẹ́ẹ̀. Ní 2001, Nàìjíríà àti São Tomé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti jọ wá epo rọ̀bì nínú òkun tí ó wà láàárín wọn, ìpín 60 nínú 100 fún wa, ìpín 40 fún wọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí tálákà wá ọrọ̀ nínú ohun tí Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ ohun tí epo ṣe sí odò àwọn Ògóni kò gbọdọ̀ sọ fún aládùúgbò wa pé ọ̀nà náà kò ní ẹ̀gún. Tálákà tí ó ta igbó rẹ̀ lónìí lè di tálákà tí kò ní igbó lọ́la. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí ẹni tí ń ṣọ́ ẹwà máa jẹ nínú rẹ̀. Ọlọ́run fi Ádámù sínú ọgbà kí ó máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ méjèèjì, ẹnìkan ṣoṣo ni ó gbé e lé lọ́wọ́. Kò ní kí ẹnìkan máa ro, kí ẹlòmíràn kàn wá máa wò. Ohun tí Póòpù Francis kọ́ wa nínú ìwé Laudato Si' ní 2015 náà nìyí, pé a kò lè ya igbe ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára igbe tálákà.

Ẹ gbọ́ ohun kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Príncipe. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ṣa ìgò oníke 50 jọ mú wọn wá, kí ó sì gba ìgò irin kan, èyí tí yóò máa fi bu omi mu lójoojúmọ́. Àwọn ọmọdé ṣa etíkun, wọ́n ṣa ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹwà tí àlejò ń yìn, ọwọ́ ọmọ onílé ni ó tún un ṣe.

Ará mi, ó dára kí a rin ìrìn àjò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin wa bá rí owó, kí ó lọ. Kí ó sùn sí ilé àlejò tí ó jẹ́ ti ọmọ ìbílẹ̀, kí ó san owó tí ó tọ́ fún ẹni tí ó mú un gun òkè, kí ó béèrè ìtàn Amador àti ti Batepá, kí ó má sì fi ọ̀rá kankan sílẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, kí ó padà wálé, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Nítorí Àjàngbàdì pẹ̀lú, Ọlọ́run ni ó dá a. Ìbà àti Òjó pẹ̀lú, Ọlọ́run ni ó dá wọn. Àbàtà àti ọ̀sà wà níhìn-ín kí a tó máa fi yanrìn dí wọn láti kọ́lé. Ní ìgbà òjò, omi tí a ti gba ọ̀nà mọ́ lọ́wọ́ wá ń wọ yàrá wa. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a jù sí gọ́tà ní òru ni ó sì ń dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Bí a bá fẹ́ràn ẹwà ní ibi tí a kò gbé nìkan, kì í ṣe ẹwà ni a fẹ́ràn. Iṣẹ́ ni a ń sá fún.

Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé bí ó ti ń kó owó ọkọ̀ jọ, kí ó wá bá mi ní òwúrọ̀ Sátidé, kí a jọ kó gọ́tà iwájú ilé ìjọsìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó wá, ó sì mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ lọ́wọ́. Ṣọ́bìrì méjì ṣì wà nílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé Fadá fún ẹni tí ó bá fẹ́.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé yín àti ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀.

Fadá yín