ǸJẸ́ ÀÌNÍGBÀGBỌ́ NI KÍ A MÚ ỌMỌ LỌ FÚN ÀYẸ̀WÒ?

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ wá bá wa yọ̀ ní Òjòwò, ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ béèrè ní gbangba. Bí ilẹ̀ bá ṣú ni wọ́n máa ń rọra gbé e wá sí ilé àdúrà. Bí ọmọbìnrin ẹni bá ti pé ọdún 15, tí ìṣe rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà láti mọ̀ bóyá ọtísíìmù ni? Àbí àìnígbàgbọ́ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọtísíìmù kì í ṣe wèrè, kì í ràn, ìyá kọ́ ló sì fà á. Bí a ṣe dá ọpọlọ ẹlòmíràn ni. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin 3 péré ló wà nínú wọn. Títí dòní, ti ọmọbìnrin máa ń fara sin, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn a máa wo ẹgbẹ́ wọn ṣe, wọn a sì máa bo ìnira wọn mọ́ra títí wọn yóò fi bàlágà.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè kúnlẹ̀ kí àgbà kó má wò wọ́n lójú. Ó lè fi ọwọ́ di etí bí ìlù àti agogo bá ròkè. Ó lè mọ nọ́ńbà gbogbo orin inú ìwé, kó má sì mọ bí a ṣe ń bá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ. Kí la wá ń pè é? Ọ̀kan ní emèrè ni, èkejì ní agbéraga ni, ẹ̀kẹta ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí dókítà má fún ọmọ lórúkọ, ọmọ náà ti ní orúkọ tipẹ́! Ohun tó kù ni ká mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wíwò yẹn gan-an ni àyẹ̀wò.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà yóò bi ìyá léèrè ìgbà tí ọmọ sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá ọmọ mìíràn ṣeré. Yóò sì bá ọmọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ìwé Máàkù orí 9, kí Jésù tó wo ọmọ kan sàn, Ó kọ́kọ́ bi bàbá rẹ̀ léèrè ìgbà tí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé ohun tó ṣe ọmọ yẹn ló ń ṣe tiwa o. Ohun tí mo ń wí ni pé Ẹni tó mọ ohun gbogbo ṣì béèrè.

Aró ńkọ́? Ẹ̀rù orúkọ yẹn ń bà wá. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó dá ètò abúlé Aró sílẹ̀ ní 1954, jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn. Àwọn dókítà tó ń ṣàyẹ̀wò ìṣe ọmọdé wà níbẹ̀ lónìí, wọ́n sì wà ní UCH Ìbàdàn.

Ẹlòmíràn ní: kò sí oògùn tó ń mú un kúrò, kí wá ni àǹfààní rẹ̀? Òótọ́ ni, kò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé ariwo ń ni ọmọ lára kò ní nà án nítorí pé ó sá níbi ìlù; yóò wá ibi tó dákẹ́ fún un. Tíṣà yóò mọ bó ṣe yẹ kí òun bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ti ń rò pé èèyàn burúkú ni òun yóò sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ti ọkọ ńkọ́? N kò lè sọ pé ẹ̀rù yẹn kò nídìí. Ẹnu ayé kì í dákẹ́. Nítorí náà, ti ọmọ ni àbájáde: ká má ṣe fi jẹ́rìí níwájú ìjọ láìgba àṣẹ rẹ̀, ká sì sọ ibi tí à ń lọ fún un kó tó wọ mọ́tò. Ohun tí a kò sọ fáyé, kò yẹ kí àwa òbí ó má mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbàdúrà, ẹ má dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí ẹ ń gbàdúrà fún. Kí Olúwa fún àwọn òbí wa ní ọgbọ́n àti ìgboyà. Àmín.