Ǹjẹ́ Igi Ni Ó Jẹ̀bi?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní igi ọsàn kan ní ẹ̀yìnkùlé tí kò ṣe dáadáa. Ewé rẹ̀ ti pọ́n, ẹ̀ka rẹ̀ ń gbẹ láti òkè wá, kò so, kò sì kú. Àáké ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. A ó ní, “Igi yìí kò wúlò.” Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ǹjẹ́ ìdájọ́ yìí tọ́?

Igi kò yan ibi tí yóò dúró sí. Àwa ni a gbìn ín síbẹ̀. Bí a bá gbìn ín sábẹ́ máńgòrò, òjìji kò ní jẹ́ kí ó rí oòrùn tó, gbòǹgbò máńgòrò yóò sì máa bá a du omi. Bí a bá gbìn ín síbi tí omi ń dá sí lẹ́yìn òjò, gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà, nítorí pé gbòǹgbò pàápàá ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó gbin igi síbi tí kò yẹ, tí ó wá ń dá igi lẹ́bi, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni ó ń gbé ru igi.

Nítorí náà, ojúṣe kìn-ín-ní ni ìwádìí. Kí a fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tí ó sì ní àwọ̀ ewé, ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àrùn ni, kí a má ṣe gbé e káàkiri, kí ó má bàa ran àwọn tí ara wọn dá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ó wà ni kò gbà á, kí a ṣí i nípò.

Ojúṣe kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ṣíṣí igi nípò, ọgbẹ́ ni. Bí ó ti wù kí a rọra hú u tó, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni yóò já. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń dúró de ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí wọ́n sì ń gbé e ní ìrọ̀lẹ́ tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Wọn kì í rì í jìn ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, wọ́n á sì máa bomi rin ín títí yóò fi rú ewé tuntun. Ẹni tí ó hú igi, tí ó tún un gbìn, tí ó sì lọ sùn, kò ràn án lọ́wọ́. Ó kàn lọ pa á síbòmíràn ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó ń fìdí rẹmi ní kíláàsì tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Kí a tó pè é ní ọ̀lẹ, kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a fi í sí. Bí a bá sì mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, kí a má ṣe kẹ̀yìn sí i.

A kò wí pé gbogbo igi ni yóò yè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe ojúṣe méjèèjì yìí, bí igi náà bá tilẹ̀ kú, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ó fi àáké bẹ̀rẹ̀ ni ó ní ìjíhìn láti ṣe.